Ọmọ la gbé lọ gba ìtọ́jú, àwa òbí ni wọ́n ní ká jókòó (ìràwọ̀ 4 nínú 5)

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn. Ẹni tó jókòó sídìí káńtà wọn ló jẹ ìkarùn-ún, màá débẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ o, ẹ má bínú sí mi, torí ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nípa wọn ò kéré, ọmọ mi sì ṣì ń lọ síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó wá máa wò ó lójú wò ó nímú. Ẹ sáà mọ̀ pé ilé ìtọ́jú ìlera ọpọlọ aládàáni kékeré kan ni ní Yábà, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò jìnnà síbi tí rélùwéè ti ń já èèyàn. Kánsẹ́lọ̀ méjì, dókítà ọpọlọ kan tó máa ń wá l'Ọ́jọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì kan, pẹ̀lú ẹni orí káńtà yẹn. Àwọn ọmọ tó ń bàlágà ni wọ́n ń tọ́jú jù níbẹ̀.

Ìyá Kékeré la ń pe ọmọ mi nílé torí ìyá tó bí ìyá mi ló yà lójú, ẹsẹ̀ ẹ̀ gan-an tiẹ̀ ni. Ọmọ ọdún 15, SS2. Ọmọ tó máa ń kọrin nínú balùwẹ̀ títí bọ̀ọ̀dá ẹ̀ á fi máa gbá ilẹ̀kùn pé ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ sùn ni. Láti bí oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá lorin yẹn ti dákẹ́, ẹ gbà mí gbọ́, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó fura, àfi ìgbà tó pẹ́ tí mo wá ń rò ó pé kí ló dé tí balùwẹ̀ wa ò pariwo mọ́. Tó bá ti ilé-ìwé dé á gba yàrá lọ, á bora tòun ti yúnífọ́ọ̀mù, oúnjẹ ẹ̀ á wà lórí tábìlì títí ọ̀rá á fi dì sójú ọbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pè é, á jágbe mọ́ yín. Jágbe ni mo sọ o, kì í ṣe ẹkún. Ìyẹn gan-an ló tàn wá jẹ torí lójú tiwa ẹni tó bá sorí kọ́ á káwọ́ lérí á máa sunkún, tiẹ̀ ìbínú ni, tó bá ti là ẹnu báyìí ẹ á rò pé ẹ jẹ ẹ́ lówó. Bàbá ẹ̀ ní ó ti ń ya aláìgbọràn. Èmi ní ọkùnrin ni, mo jí fóònù ẹ̀ yẹ̀ wò lóru, mi ò bá ọkùnrin kankan níbẹ̀, ohun tí mo bá ni pé láti aago méjì òru ló ti wà lójúfò.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la tọ́jú ibà. Ẹ̀ẹ̀kan la tọ́jú taifọ́ọ̀dù, ṣé ẹ mọ Èkó yìí náà, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa gbé ẹ̀jẹ̀ fún wọn tí wọn ò ní bá taifọ́ọ̀dù nínú ẹ̀. A gbé e lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ wa pẹ̀lú, kí n má parọ́. Pásítọ̀ gbàdúrà fún un dáadáa, ó wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní Màámi, ẹ gbé ọmọ yìí lọ sí ọsibítù, àdúrà ò ní kẹ́ ẹ má lọ o. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkàn mi lọ́jọ́ yẹn, mo ní pásítọ̀ yìí ò lágbára.

Tíṣà tó ń ṣe kánsẹ́lọ̀ níléèwé wọn ló pè mí níjọ́ tó pè mí. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Balógun, kọ́sítọ́mà kan dúró tì mí lórí léèsì yáàdì márùn-ún, sísọ́ọ̀sì ti wọ inú aṣọ. Ó ní Mọ́mì, a rí nǹkan tí Ìyá Kékeré kọ sẹ́yìn ìwé máàtì ẹ̀, ó kọ ọ́ pé òun ò rí ohun tí òun wà fún. Mi ò mọ bí mo ṣe parí aṣọ yẹn. Kọ́sítọ́mà yẹn pè mí lọ́sẹ̀ kejì pé yáàdì mẹ́rin àtààbọ̀ lòun bá nílé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bẹ́ ẹ ṣe máa débẹ̀ fún ẹni tó bá ń gbé lápá ọ̀dọ̀ wa. Agége là ń gbé. Tẹ́lẹ̀ dánfó la ò bá wọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á jẹ ẹ̀mí èèyàn láti Ìkẹjà dé Ojúẹlẹ́gba, ṣùgbọ́n rélùwéè pupa tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní October 2024 yìí, Agége ẹ wọ̀ ọ́, Yábà ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ sáà rí i pé owó wà nínú káàdì Cowry yín, kẹ́ ẹ sì mọ àkókò tó ń lọ torí tó bá já yín sílẹ̀ ẹ ó jókòó pẹ́. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé rélùwéè yẹn máa wà lára ìtọ́jú. Ọmọ tí kò bá mi sọ̀rọ̀ nílé, tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tójú wa ò kọ ara wa, á sọ gbólóhùn kan ní Ìkẹjà, á sọ òmíràn ní Múṣin.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ wàyí. Káńtà. A gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé òkè, èèyàn bíi mẹ́jọ ti jókòó, wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, arábìnrin káńtà ò kí wa, ó gbójú sókè, ó ní "Ta ló wá rí dókítà ọpọlọ nínú yín?" Bó ṣe pariwo ẹ̀ nìyẹn, bí ẹni ń pe èrò Ọ̀ṣòdì. Gbogbo ojú yíjú sí wa. Ìyá Kékeré fa fìlà ṣúwẹ́tà ẹ̀ bo orí dé imú. Díẹ̀ ló kù kí n dì í lọ́wọ́ mú padà sílé, ká ní mo padà, ó ti tán nìyẹn, mi ò bá má rí i kó bá mi wá mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹni tẹ́ ẹ bá fi sẹ́nu ọ̀nà ṣe pàtàkì ju dókítà lọ. A ti ní òfin ìlera ọpọlọ tuntun nílẹ̀ yìí láti January 2023, òfin tó wà nílẹ̀ kí ìyẹn tó dé, ti 1958, orúkọ ẹ̀ gan-an fi wèrè pe èèyàn, wọ́n ti yí òfin padà, ẹni orí káńtà ò tíì gbọ́.

Nọ́ọ̀sì ló tún un ṣe. Ó mú wa wọlé, ó bá ọmọ sọ̀rọ̀ kó tó bá mi sọ̀rọ̀, ìyẹn wú mi lórí díẹ̀ ó sì bí mi nínú díẹ̀. Ó fún un níwèé kan, ìbéèrè mẹ́sàn-án, ti ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá ni wọ́n fẹ́ mọ̀: ṣé nǹkan ò wù ẹ́ ṣe, ṣé oorun ń sá fún ẹ àbí ó ti pọ̀ jù, ṣé ó ń rẹ̀ ẹ́, ṣé o rò pé o ti já ara ẹ tàbí àwọn ará ilé ẹ kulẹ̀, báyìí báyìí. Òdo dé ẹẹ́ta ni ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, 27 ló ga jù. 17 ni tiẹ̀. Wọ́n ní tó bá ti lé ní 14 kò kéré mọ́. Nọ́ọ̀sì ló tún là mí lójú pé ìbínú àti ìkanra tí à ń pè ní àìgbọràn yẹn, nínú ọmọ tó ń bàlágà, ó lè dúró fún ìbànújẹ́, ó wà nínú àmì tí àwọn dókítà máa ń wò.

Ìbéèrè kẹsàn-án, ti ikú ni. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bi í níyẹn, ẹ má lọ fi sí i lọ́kàn. Nọ́ọ̀sì rọra ní Mọ́mì, ẹni tí kò rò ó kò ní torí pé a bi í kó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, ẹni tó ń rò ó ló máa ń mí kanlẹ̀ pé ẹnì kan bi òun. Wọ́n ní kí n jáde. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi dúró ní kọ́rídọ̀, mò ń ka táìsì ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé wọ́n ní ó ti wá sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò tíì pinnu nǹkan kan, ká kó gbogbo oògùn inú ilé, oògùn ẹ̀fọn, oògùn eku, gbogbo ẹ̀, ká tì í mọ́ inú àpótí, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi, tí nǹkan bá sì ti fẹ́ yíwọ́ lóru ká má dúró de ilẹ̀ mọ́, ká gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù tó bá sún mọ́ wa. Ó wá ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo ẹni tó ń jẹun nínú ilé yín ni kẹ́ ẹ kó wá.

Mo ní gbogbo wa bí i ti báwo? Ó ní gbogbo yín, má.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọkọ mi, ẹ ti mọ èsì ẹ̀. Iṣẹ́ kílíárìn ló ń ṣe ní wáàfù Àpápá, ó máa ń jáde nílé kí ẹyẹ tó ké, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló ń wọlé. Ó ní ṣé òun ni àìsàn ń ṣe? Òun ti fowó sílẹ̀, kí wọ́n tọ́jú ọmọ kí wọ́n dá a padà. Bí ẹni gbé jẹnẹrétọ̀ fún rewáyà. Ó ní àṣà òyìnbó ni, ká jókòó yí ara wa ká ká máa tú àṣírí ilé fún àlejò.

Ìyá ẹ̀ ló gbà wá. Màmá ń gbé pẹ̀lú wa, ọmọ Abẹ́òkúta ni wọ́n. Wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti yàrá, wọ́n bọ́ sí pálọ̀, wọ́n ní àṣà òyìnbó wo? Wọ́n ní nígbà táwọn ṣì kéré, bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n ìyá wọn kan ṣàìsàn ọkàn, ọsibítù ọpọlọ Aró ni wọ́n gbé e lọ, nígbà ayé Dókítà Lambo. Wọn ò gbà á níbẹ̀ lóun nìkan. Dókítà ní kí ẹbí kan tẹ̀ lé e. Ìyá wọn ló bá kó ìkòkò, ó kó ẹní, wọ́n gba yàrá lọ́wọ́ ará abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù, ibẹ̀ ló ti ń dáná fún un, á lọ gbàtọ́jú láàárọ̀, á padà wá jẹun lọ́dọ̀ ọmọ ìyá ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òótọ́ o, 1954 ni Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé yẹn ní Aró, gbogbo àgbáyé ló wá wò ó. Màmá wo ọmọ wọn lójú, wọ́n ní "Nígbà tí ìyá mi gbé ìkòkò, ìwọ ò wa lè gbé ìdí?" Ó gbé ìdí.

Ọjọ́bọ̀ kejì, àwa márààrún nínú yàrá kan tí ò ju ṣọ́ọ̀bù mi lọ. Èmi, bàbá wọn, Màmá, bọ̀ọ̀dá tó wà ní UNILAG, Ìyá Kékeré. Wọ́n ti mú iná lọ, fáànù ò yí, wọ́n ṣí fèrèsé, ariwo oníbàtà láti ìsàlẹ̀ ń wọlé. Kánsẹ́lọ̀ náà ò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, mo wò ó mo ní ọmọ yìí ò tíì lọ́kọ kó tó máa kọ́ wa bá a ṣe ń gbélé. Ó fún wa ní ìwé pélébé kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè márùn-ún péré, ó ní ká má wo tẹnì kejì. Ṣé o lè yíjú sí àwọn ará ilé ẹ tí nǹkan bá ń dà ẹ́ láàmú. Ṣé wọ́n ń bá ẹ jíròrò. Ṣé wọ́n máa ń ti ẹ́ lẹ́yìn tó o bá fẹ́ gbé ìgbésẹ̀ tuntun. Bí wọ́n ṣe ń fìfẹ́ hàn, bí wọ́n ṣe ń ṣe tínú bá ń bí ẹ tàbí tó o bá ń banú jẹ́. Bí ẹ ṣe jọ ń lo àkókò yín. Òdo, ọ̀kan tàbí méjì lórí ìkọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ ẹ̀ mẹ́wàá. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan ló ṣe ìwé yẹn lọ́dún 1978, ó rọrùn débi pé wọ́n kà á fún Màmá ní Yorùbá tí wọn ò tún un kà lẹ́ẹ̀kejì.

Ó gbà á, ó ro ó pọ̀, ó tò ó sórí tábìlì bí ẹni ta ayò. Màmá 10. Bàbá wọn 9. Èmi 8. Bọ̀ọ̀dá 6. Ìyá Kékeré 2.

Ilé kan náà, ìkòkò kan náà. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn fi sílẹ̀ níbẹ̀. Mo gbọ́ tí oníbàtà ìsàlẹ̀ ń ní kósítọ́mà wọ̀ ọ́ wò kó rìn ín wò. Ọkọ mi mú ìwé tiẹ̀, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀ bí ẹni pé àṣìṣe wà lẹ́yìn.

Ohun tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí torí òun ni mo fi sọ pé owó mi ò ṣòfò. Kánsẹ́lọ̀ ní Ìyá Kékeré máa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méje, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Tó bá ṣe tán, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ tún ohun tí ọmọ sọ sọ, kí ọmọ gbà pé bẹ́ẹ̀ lòun wí, lẹ́yìn náà kó tó sọ tiẹ̀. Ó ní tó bá ti gbọ́ "ṣùgbọ́n" lẹ́nu ẹnikẹ́ni, òun á na ìka sókè, onítọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Kékeré wolẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú méjì nínú méje yẹn. Ó wá ní "Dádì, tẹ́ ẹ bá wọlé, ìwé lẹ máa ń kọ́kọ́ bi mí. Tí mo bá gba 60 ẹ á ní bọ̀ọ̀dá mi gba 80 nígbà tó wà ní kíláàsì yìí. Mi ò rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ bi mí pé báwo ni."

Bàbá ẹ̀ gbọ́fun, ó ní "Ó ní mi ò béèrè àlàáfíà òun, ṣùgbọ́n..." Ìka. "Ó ní ìwé ni mo máa ń béèrè, ṣùgbọ́n ṣé..." Ìka. Ẹ̀rín ń pa bọ̀ọ̀dá, kò lè rín in. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo kà á. Màmá náà kà á, wọ́n ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn ṣọ́ iye ẹ̀.

Èmi ti ń gbádùn ara mi, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kọ́ ọkọ mi. Ìgbà náà ló kọjú sí mi. "Mọ́mì máa ń sọ ọ̀rọ̀ mi fún gbogbo oníléèsì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù mi, kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wọn ti ń pè mí ní ìyàwó. Ti pé mi ò jẹun yìí náà, mo gbọ́ tẹ́ ẹ ń sọ ọ́ lórí fóònù fún Àǹtí Ìdúmọ̀tà. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe sọ nǹkan kan fún yín." Mo la ẹnu láti ṣàlàyé pé ìmọ̀ràn ni mò ń gbà lọ́wọ́ wọn. Mi ò tíì dé "ṣù," ìka ti wà lókè.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ jẹ́ á bá ara wa sòótọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ wa la fi ń ta oorun dànù lọ́sàn-án.

Ti oògùn, kí n yára sọ ọ́. Dókítà ọpọlọ fẹ́ kó lo fluoxetine, oògùn ìsoríkọ́ kan, pẹ̀lú ìjókòó yẹn, a jà á. Dókítà ò bínú, ó jókòó ó ṣàlàyé, ọkọ mi tó fẹ́ràn nọ́ńbà sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ẹrù. Ó ní àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà gbà á fún ọmọ ọdún 8 sókè tó ní ìsoríkọ́ lọ́dún 2003. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn kan náà ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó lágbára sára gbogbo oògùn ìsoríkọ́, pé ó lè mú kí èrò ikú pọ̀ sí i fún àwọn ọmọdé kan, pàápàá níbẹ̀rẹ̀ tàbí tí wọ́n bá yí i padà, torí náà ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa rí i, oògùn á sì wà lọ́wọ́ mi kì í ṣe lọ́wọ́ ọmọ. Ó ní ká má retí nǹkan kan lọ́la, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ojú tó là. Ó sọ ti ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, èsì ẹ̀ jáde ní 2004, ọmọ 439, ọdún 12 sí 17. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó gba oògùn pẹ̀lú ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, bíi 71 ló sunwọ̀n; oògùn nìkan, 61; ọ̀rọ̀ sísọ nìkan, 43; àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, 35. Ọkọ mi ní ẹ̀n-ẹ́n, oògùn ló ṣiṣẹ́ nìyẹn. Dókítà ní ẹ dúró, nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ 36, ọ̀rọ̀ sísọ ti bá oògùn dọ́gba ní 81, méjèèjì pọ̀ wà ní 86. Ó ní ọ̀rọ̀ ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń dé.

Ọkọ mi wá bi í ní ìbéèrè tó ti wà lọ́kàn èmi náà: ṣé àwa la fà á? Dókítà ní rárá, kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń fà á, ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ ti iléèwé, ó lè jẹ́ bí ara ṣe ń dàgbà, ilé tó tòrò pàápàá ń rí i. Àmọ́ ilé tí ìjà àti àríwísí bá pọ̀, ìwòsàn á máa falẹ̀ níbẹ̀, ọmọ tó ti gbádùn gan-an lè tún wó padà, nínú gbogbo nǹkan tó lè fà á, òun sì ni ọwọ́ wa lè tó láàárọ̀ ọ̀la. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Kò dá wa láre, kò dá wa lẹ́bi.

Ẹ̀sùn kejì mi nìyí o, òun ló dùn mí jù. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, a débẹ̀, ẹlòmíràn ló jókòó. Kánsẹ́lọ̀ wa ti jápa. Wọ́n mọ̀ ṣáájú, kò sẹ́ni tó sọ fún wa, ó kàn wọ bàálù. Mi ò bá a jà pé ó lọ, ta ni ò fẹ́ lọ, àmọ́ ẹ ò kí ń gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu kẹ́ ẹ wá fi sílẹ̀ láìdágbére. Nínú rélùwéè lọ́jọ́ yẹn, kò sọ nǹkan kan ní Múṣin, kò sọ ní Ọ̀ṣòdì, ó di Ìkẹjà kó tó ní "Ẹni tí mo bá ti bá sọ̀rọ̀ náà ló ń lọ." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò fi bá ẹni tuntun sọ̀rọ̀. Wọ́n fún un ní ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án yẹn, ó ti bọ́ sí 14 tẹ́lẹ̀, ó padà gòkè. Wọ́n bẹ̀ wá, wọ́n ní àwọn ò ní gba owó ìjókòó méjì, mo gbà á, inú mi ò yọ́.

Owó wọn náà ò kéré. Ẹgbẹ̀rún 30 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹgbẹ̀rún 20 tí ọmọ bá jókòó òun nìkan, ẹgbẹ̀rún 35 ti gbogbo ilé. Oṣù àkọ́kọ́ gba bí ẹgbẹ̀rún 160 lọ́wọ́ wa, mi ò tíì ka oògùn mọ́ ọn. Tánsífà kẹ́ ẹ tó wọlé, tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bánkì bá sì dá iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ ó dúró lórí ìdúró lọ́dọ̀ arábìnrin káńtà wa. Ẹni tí kò bá lè san irú ẹ̀, ẹ má jókòó sílé. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yábà níbẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ yìí láti 1907, wọ́n sì ní ẹ̀ka tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé àtàwọn tó ń bàlágà l'Ọ́ṣòdì. Àwọn ọsibítù yunifásítì, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà, náà ní dókítà ọpọlọ. Ẹ ó pẹ́ lórí ìlà, òótọ́ ni. Mo mọ ohun tó ń lé yín sá, "Yábà Left" ni, orúkọ tí wọ́n fi ń pe èèyàn ní wèrè. Èmi náà, ìdí tí mo fi wá aládàáni nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi lẹ́nu géètì. Ojú mi ti là báyìí, owó ìtìjú ni mo san lápá kan.

Nílé ńkọ́? Òfin kan péré ni wọ́n fún wa, pé títí oúnjẹ alẹ́ á fi tán, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ìwé. Alẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ṣíbí là ń gbọ́. A ò ní ọ̀rọ̀ míì. Ẹ wo àṣírí tó tú síta! Màmá ló là á, wọ́n ní kí Ìyá Kékeré kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, láti ọjọ́ yẹn, Màmá á jókòó ní pálọ̀ á fi ohùn ránṣẹ́ sí mi ní kíṣìnì pé kí n fi iyọ̀ sí i. Bàbá wọn, wọ́n ní kó máa pe ọmọ lọ́sàn-án láti Àpápá, kó bi í pé báwo ni kó sì gbé e sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè é, ọmọ ní "Dádì, ta ló kú?"

Èmi náà ti ń gbìyànjú. Àǹtí Ìdúmọ̀tà pè mí pé ọmọ yẹn ńkọ́, mo ní ó wà. Ó ní ṣé ó ti ń jẹun? Mo ní léèsì tuntun dé, ẹ wá wò ó. Ó ń bínú sí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀ ti dára tán o. Oṣù kẹta tá a ti ń lọ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan tó burú, kò lọ síléèwé ọjọ́ mẹ́ta, a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lójú mi, dókítà ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí, á gòkè á sọ̀. Ìgbà tí wọ́n ka ìbéèrè mẹ́sàn-án gbẹ̀yìn, 9 ló gbà. Oògùn ṣì ń lọ, dókítà ní kẹ́ ẹ má jáwọ́ ẹ̀ fúnra yín torí pé ara ti yá. Ẹni tuntun tí wọ́n fún wa yẹn, ọkùnrin ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò pọ̀, Ìyá Kékeré ti wá fẹ́ràn ẹ̀ débi tó fi ní kí n dúró síta. "Mọ́mì, ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn," ní ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, lójú arábìnrin káńtà. Mo jókòó.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú omi dání, ẹ mú abẹ̀bẹ̀ dání, ẹ má gba aago méjì ọ̀sán torí wọn ò kí ń bọ́ síbẹ̀ lákòókò. Ẹ bi wọ́n ṣáájú pé ṣé kánsẹ́lọ̀ tẹ́ ẹ máa rí kò tíì gba físà.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ti gbogbo ilé. Bàbá wọn ti sọ fún ọ̀gá ẹ̀ ní wáàfù pé òun ò ní wá lọ́sàn-án. "Ṣùgbọ́n" mẹ́ta ló sọ lọ́jọ́ tá a lọ kẹ́yìn, Màmá ló ń ka iye ẹ̀, wọ́n ní ìkẹta yẹn, ó gbé e mì kó tó jáde tán, àwọn ò ní kà á.